Gbohùngbohùn kejì: bí wọ́n ṣe wọn jíjìn òkun Ligeia Mare lórí òṣùpá Titan

Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ òfúrufú Cassini sáré kọjá lórí Titan, òṣùpá tó tóbi jù lọ nínú àwọn tó ń yí Sátúrnù po. Níbi tó ti sún mọ́ òṣùpá náà jù, 970 kìlómítà ló wà láàárín wọn. Ní ìkọjá yìí, tí ètò iṣẹ́ pè ní T91, áńtẹ́nà ọkọ̀ náà dojú kọ ilẹ̀ tààrà, rédà rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń rán ìgbì rédíò jáde tó sì ń gba gbohùngbohùn rẹ̀, sì fa ìlà kan tó gùn tó 300 kìlómítà lórí òkun Ligeia Mare. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tú ohun tí rédà gbà sílẹ̀ wò fínnífínní, gbohùngbohùn méjì ni wọ́n rí pé ó ń padà wá láti orí òkun náà. Ojú òkun ló dá àkọ́kọ́ padà. Èkejì fi díẹ̀ pẹ́ ju àkọ́kọ́ lọ; níbi tó pẹ́ jù, kò ju máíkrósẹ́kọ́ǹdì 1.4 lọ (máíkrósẹ́kọ́ǹdì kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá). Ìsàlẹ̀ òkun ló ti wá.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀dá ènìyàn fi ìgbì wọn jíjìn òkun tí kì í ṣe ti ayé yìí. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yẹ ní títú palẹ̀ ni pé gbohùngbohùn kejì yìí sọ nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà: bí òkun náà ṣe jìn tó, àti ohun tí ó kún inú rẹ̀. Kò sì sí èyí tó rọrùn láti gbọ́ nínú méjèèjì.

Irú òkun wo nìyí

Titan fẹ̀ ní 5,150 kìlómítà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ó sì fẹ̀ ju pílánẹ́ẹ̀tì Mercury lọ. Náítrójìn ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tó yí i ká, nǹkan bíi ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún nítòsí ilẹ̀. Mẹ́tánì ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Bí afẹ́fẹ́ náà ṣe tẹ ilẹ̀ tó ìlọ́po kan ààbọ̀ ti ayé. Òtútù ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi −179 dígírì Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì. Nínú òtútù bẹ́ẹ̀, omi ti di òkúta: yìnyín ni àpáta ibẹ̀. Mẹ́tánì, tó jẹ́ gáàsì lọ́dọ̀ tiwa, ló ń di ìkùukùu níbẹ̀, òun ló ń rọ̀ bí òjò, òun ló ń gba odò lọ sínú adágún àti òkun. Ìtànṣán oòrùn náà sì ń fọ́ mẹ́tánì lókè sánmà, ó ń fi àfọ́kù rẹ̀ ṣe étánì, tí í máa ń bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti dara pọ̀ mọ́ ọn.

Itòsí òpó àríwá ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn òkun yìí wà. Mẹ́ta ló tóbi débi tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Mare, ìyẹn òkun ní èdè Látìnì: Kraken Mare, Ligeia Mare àti Punga Mare. Àwọn tó kéré ń jẹ́ Lacus, adágún. Ligeia ló ṣìkejì ní títóbi, ojú rẹ̀ sì tó nǹkan bíi 126,000 km².

Ṣáájú T91, ohun tí a mọ̀ nípa àwọn òkun yìí kò kọjá ojú wọn. Ní oṣù Keje ọdún 2006, ní ìkọjá T16, rédà Cassini ya àwòrán àwọn àbàwọ́n dúdú lọ́pọ̀ yanturu ní àríwá. Nínú àwòrán rédà, ibi tí ìgbì kò ti padà ló máa ń dúdú, ibi tó tẹ́jú gan-an ló sì máa ń rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé nígbà tí ìgbì bá fi ẹ̀gbẹ́ kọlù ú, ńṣe ló máa ń ta lọ síwájú, kì í padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an. Ní ọdún 2008, ìròyìn jáde pé irinṣẹ́ VIMS, tó ń ya ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ ní àwọ̀ àwọ̀, ti rí àmì étánì olómi nínú Ontario Lacus ní gúúsù. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2009, irinṣẹ́ kan náà rí ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó kọ mànà lójú adágún kan ní àríwá, Jingpo Lacus.

Ẹ̀rí wọ̀nyí lágbára pé nǹkan olómi wà níbẹ̀. Wọn kò sì sọ bóyá olómi náà kò ju orúnkún lọ tàbí ó lè bo ilé alájà ogójì mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí pé oòrùn kò dáwọ́ dúró ní fífọ́ mẹ́tánì inú sánmà Titan. Bí kò bá sí ohun tó ń fi kún un, kí ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún tó pé ni ìbá ti tán. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó wà nípamọ́ ní láti mọ jíjìn àwọn òkun náà, kí ó sì mọ̀ bóyá mẹ́tánì ló wà nínú wọn tàbí étánì. Ọ̀pọ̀ ìṣirò ìgbà náà ló sì fojú sọ́nà fún étánì gẹ́gẹ́ bí èyí tí yóò pọ̀ jù.

Rédà náà àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Áńtẹ́nà ńlá kan ṣoṣo ni Cassini ní, àwo rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 4. Òun náà ni wọ́n fi ń bá ilé ayé sọ̀rọ̀, òun náà ni rédà fi ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ó bá dojú kọ Titan, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọkọ̀ náà lórí ilẹ̀ ayé. Gbogbo ohun tí rédà bá gbà ni ọkọ̀ yóò kọ́kọ́ tọ́jú sínú ara rẹ̀, tí yóò wá kọjú sí ayé lẹ́yìn náà kó tó fi ránṣẹ́.

Ìgbì rédà náà wà ní 13.78 GHz (ó ń gbọ̀n ní bílíọ̀nù 13.78 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), èyí tó túmọ̀ sí pé orí ìgbì kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.2. Ó ní ọ̀nà bíi mẹ́rin tó ń gbà ṣiṣẹ́: ó lè ya àwòrán, ó lè wọn gíga ilẹ̀, ó lè wọn bí ilẹ̀ ṣe ń fọ́n ìgbì ká, ó sì lè dákẹ́ kí ó máa tẹ́tí sí ooru tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tú jáde. Fún wíwọn gíga, áńtẹ́nà gbọ́dọ̀ dojú kọ ilẹ̀ tààrà. Ìmọ́lẹ̀ rédà náà fẹ̀ ní dígírì 0.35 péré, bí ọkọ̀ bá wà ní òkè tó tó 1,500 kìlómítà, àyè tó máa bò nílẹ̀ yóò fẹ̀ tó kìlómítà 9.

Ìgbì kọ̀ọ̀kan tí rédà ń rán jáde nínú ìlànà yìí máa ń gba máíkrósẹ́kọ́ǹdì 150. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ìgbì tó gùn tó kìlómítà 45 nìyẹn. Báwo wá ni ìgbì tó gùn tó bẹ́ẹ̀ ṣe máa ya ojú òkun sọ́tọ̀ kúrò lára ìsàlẹ̀ rẹ̀, nígbà tí àlàfo wọn kò tó mítà igba? Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ìgbì náà kì í dúró lójú kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òpin, ó máa ń yí ìyára gbígbọ̀n rẹ̀ padà bí ẹni tó ń fọn fèrè láti ohùn ìsàlẹ̀ lọ sí ohùn òkè, ìyípadà náà sì fẹ̀ tó 4.25 MHz. Nígbà tí gbohùngbohùn bá padà, kọ̀ǹpútà yóò fi wé ẹ̀dà ìgbì tí wọ́n rán, yóò sì ká gbogbo gígùn yẹn pọ̀ sí ojú kan. Lẹ́yìn kíká pọ̀, nǹkan méjì tí àlàfo wọn tó mítà 35 nínú òfúrufú lè yà sọ́tọ̀ kedere. Nínú mẹ́tánì olómi, níbi tí ìgbì ti ń rìn díẹ̀ kù, mítà 35 yẹn yóò di nǹkan bíi 27.

Mítà 27 yìí kí ẹ fi sọ́kàn. Òun ló pinnu ibi tí iṣẹ́ náà ti dá wọn lójú àti ibi tí wọ́n ti ní láti fi ìṣirò dípò ìrírí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ontario Lacus ní ọdún 2008

T91 kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dojú rédà kọ adágún Titan ní ìlànà wíwọn gíga. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2008, ní ìkọjá T49, wọ́n ṣe é lórí Ontario Lacus. Gbohùngbohùn tó padà lágbára ju ohun tí ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì lè kọ sílẹ̀ lọ. Ńṣe ni orí ìgbì gé pẹ̀lẹbẹ, bíi rédíò tí wọ́n yí ohùn rẹ̀ sókè jù tó wá ń ya.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ìdí rẹ̀, nítorí pé ó lè ṣe ẹnìkan ní kàyéfì. Mẹ́tánì olómi kì í dá ìgbì padà púpọ̀. Ìyára ìgbì nínú rẹ̀ kéré sí ti òfúrufú ní ìlọ́po 1.3 péré, ìṣirò sì fi hàn pé lára ìgbì tó bá kọlù ú lójú, kò ju nǹkan bíi ìdá 1.7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tó máa ta padà. Ìyókù á wọ inú rẹ̀ lọ. Ìdá 1.7! Ilẹ̀ yìnyín tó wà létí òkun ń dá jù bẹ́ẹ̀ lọ padà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yìnyín rí gbágungbàgun, ó ń fọ́n tirẹ̀ ká sí gbogbo ọ̀nà, ìwọ̀nba kékeré nínú rẹ̀ ló ń bọ́ sẹ́nu áńtẹ́nà. Ojú adágún tó tẹ́ bíi dígí kì í fọ́n tirẹ̀ ká. Ìdá 1.7 náà á padà lódidi, ní ọ̀nà tó gbà wá gan-an. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀, wọ́n rí i pé lórí Ontario, gíga àti ìsàlẹ̀ ojú adágún kò fi mílímítà mẹ́ta yàtọ̀ síra ní ibi tí rédà wò.

Ìmọ̀ tó níye lórí ni ìyẹn, àmọ́ gígé tí orí ìgbì gé bo ohun tí ì bá wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìsàlẹ̀ Ontario ti wà nínú àkọsílẹ̀ T49 láti ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó lè rí i.

Ètò T91

Wọn kì í fi ọwọ́ darí rédà Cassini nígbà tó bá ń kọjá. Ìgbì rédíò ń gba ju wákàtí kan lọ kó tó rìn láti Sátúrnù dé ayé, nítorí náà gbogbo àṣẹ ti gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ tipẹ́tipẹ́: ìgbà tí áńtẹ́nà yóò yí, ìgbà tí ìgbì àkọ́kọ́ yóò jáde, ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì yóò ṣílẹ̀kùn fún gbohùngbohùn, àti bí yóò ṣe dín agbára ohun tó bá wọlé kù tó. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni igi gogoro má gùn mí lójú, tó jẹ́ pé òkèèrè la ti í wò ó. Bí wọ́n bá dín in kù díẹ̀ jù, ojú òkun yóò tún gé orí ìgbì bíi ti Ontario. Bí wọ́n bá dín in kù jù, gbohùngbohùn ìsàlẹ̀ òkun, tó ti rẹ̀ kó tó dé, yóò rì sínú ariwo ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì kò fẹ̀.

Ligeia fúnra rẹ̀ kò bá wọn rọra ṣe é. Ìwádìí lórí ìkọjá kan náà fi hàn pé ojú rẹ̀ tẹ́jú ju ti Ontario lọ: rírú ojú òkun náà kò ju mílímítà kan lọ ní ọjọ́ náà. Òkun tó tó 126,000 km², tí ojú rẹ̀ kò rú ju bí èékánná ṣe nípọn lọ.

Bí wọ́n ṣe fa gbohùngbohùn kejì jáde

Marco Mastrogiuseppe láti Ítálì ló darí ìtúpalẹ̀ tó fi ìsàlẹ̀ òkun hàn, ìwé ìwádìí náà sì jáde ní ọdún 2014. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kọjá wíwo àwòrán.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ìrù ìgbì. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ká ìgbì gígùn pọ̀ sí ojú kan, kì í ká tán pátápátá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì orí ńlá náà, àwọn orí kéékèèké máa ń yọ, bí ìrù tó ń wọ́ lẹ́yìn ẹran. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan sí i, ìrù àkọ́kọ́ máa ń wà ní 13 dB (dẹ́síbẹ́lì, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń fi agbára ìgbì wéra) nísàlẹ̀ orí ńlá, ìyẹn nǹkan bí ìdá kan nínú ogún agbára rẹ̀. Gbohùngbohùn ìsàlẹ̀ òkun níbi tó jìn kò tó ìdá kan nínú igba. Ìrù ojú òkun nìkan ti tó láti gbé e mì.

Ojútùú rẹ̀ ni kí wọ́n rẹ́ etí ìgbì kí wọ́n tó ká a pọ̀. Dípò kí gbogbo ìyára gbígbọ̀n tó wà nínú 4.25 MHz yẹn jọ ní agbára kan náà nínú ìṣirò, wọ́n á jẹ́ kí ti àárín lágbára, kí ti etí méjèèjì máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìrù á wá rẹlẹ̀ gan-an. Owó ọ̀yà rẹ̀ wà níbẹ̀: orí ńlá náà á fẹ̀ sí i, nǹkan méjì tó sún mọ́ra á sì ṣòroó yà sọ́tọ̀. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní láti yan èyí tó fẹ́ pàdánù. Fún òkun tó jìn, ó dára kí a pàdánù díẹ̀ nínú ìyàsọ́tọ̀ kí ìrù má baà bo ìsàlẹ̀. Nítòsí èbúté, níbi tí jíjìn kò tó mítà 27, ọ̀rọ̀ yí padà. Gbohùngbohùn méjèèjì ti yọ́ pọ̀ síra níbẹ̀, wọ́n sì ní láti fi àpẹẹrẹ ìṣirò wé ìrísí rẹ̀ kí wọ́n tó lè sọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Níbi tí orí ìgbì bá sì ti gé, agbára ojú òkun tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ kéré sí ti òtítọ́. Bí ẹnìkan bá fi ìsàlẹ̀ wé e láì tún un ṣe, ìsàlẹ̀ yóò dà bí ẹni pé ó lágbára ju bó ti yẹ lọ, yóò sì ṣi gbogbo ìṣirò tó tẹ̀ lé e lọ́nà. Gígé náà kì í sì mú agbára kúrò nìkan. Ó tún máa ń dá àwọn orí èké sílẹ̀. Nítorí náà, wọ́n ní láti ṣe àfarawé ìgbì tó gé nínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n lè mọ iye tí gígé náà mú lọ.

Nígbà tí gbogbo èyí parí, ìsàlẹ̀ òkun yọ. Láti èbúté, ó ń rọra sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ ìlà ojú òkun tó tẹ́ gbọọrọ, títí ó fi dé nǹkan bíi mítà 160 níbi tó jìn jù lórí ìlà náà.

Ìṣirò jíjìn

Ìdá yìí rọrùn. Ìgbì ń rìn nínú òfúrufú ní 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú olómi tí mẹ́tánì pọ̀ nínú rẹ̀, pín in sí 1.3: nǹkan bíi 230,000. Láti ojú òkun lọ sí ìsàlẹ̀ tó jìn ní mítà 160, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ mítà 320, ìgbì yóò sì gba máíkrósẹ́kọ́ǹdì 1.39 láti rìn ín.

Ẹni tó bá tẹ́tí dáadáa yóò béèrè pé: ta ló sọ fún wọn pé 1.3 ni? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Bó bá jẹ́ étánì ló kún òkun náà, nọ́ńbà yẹn yóò sún mọ́ 1.4. Máíkrósẹ́kọ́ǹdì 1.39 kan náà yóò wá fún wa ní mítà 149 dípò 160. Mítà mọ́kànlá ni ìyàtọ̀ rẹ̀, kò tó ohun tí rédà lè yà sọ́tọ̀. Nítorí náà, àìmọ ohun tó wà nínú òkun kò ba wíwọn jíjìn jẹ́ púpọ̀. Ó dára pé ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ohun tó wà nínú òkun gan-an ló kàn.

Ohun tó kún inú òkun náà

Olómi kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń fa agbára ìgbì mu. Omi òkun ayé burú gan-an lójú irú ìgbì yìí. Mílímítà díẹ̀ péré ló ń wọ̀ kó tó kú, ìdí nìyẹn tí rédà kò fi lè rí ìsàlẹ̀ òkun tiwa. Mẹ́tánì olómi yàtọ̀ pátápátá. Ìgbì ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú dígí tó mọ́. Ó ń pàdánù díẹ̀ lójú ọ̀nà ṣá. Bí òkun bá ṣe ń jìn sí i, gbohùngbohùn ìsàlẹ̀ á máa rẹ̀ sí i.

Ibi tí ẹwà iṣẹ́ yìí wà nìyí. Ìlà T91 gba ibi tí òkun kò jìn kọjá, ó gba ibi tó jìn, ó sì tún padà sí ibi tí kò jìn. Ní ojú kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní nọ́ńbà méjì: àkókò tí gbohùngbohùn kejì fi pẹ́, tó ń sọ jíjìn, àti agbára rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi wé ti ojú òkun. Bí wọ́n bá tò wọ́n sójú ìwé, jíjìn ní ìbú, agbára ní òró, wọ́n á rí ìlà tó ń dà sísàlẹ̀. Bí ìlà náà ṣe dà tó ni bí olómi náà ṣe ń fa ìgbì mu tó. Wọn kò nílò láti mọ irú ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, bí ilẹ̀ náà bá ṣáà ti jọra láti ibì kan dé ibì kan.

Ìwọ̀n ìfàmu tí wọ́n rí jẹ́ 4.4 nínú 100,000, pẹ̀lú ìṣìnà 0.9 sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí a bá yí i sí èdè tó rọrùn, mítà kọ̀ọ̀kan tí òkun bá fi jìn ń gba nǹkan bíi 0.14 dB lọ́wọ́ ìgbì, ní àlọ àti àbọ̀. Ní mítà 160, ó di 23 dB: nínú igba ìdá agbára tó wọlé, ẹyọ kan péré ló jáde. Ohun tí ìrù ojú òkun fẹ́ gbé mì tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Ìfàmu náà kéré ju ohun tí òkun tó kún fún étánì yóò ní lọ. Ní ọdún 2015, wọ́n gbé àbájáde jáde láti yàrá àyẹ̀wò, níbi tí wọ́n ti sọ mẹ́tánì àti étánì di olómi, tí wọ́n sì wọn bí wọ́n ṣe ń fa irú ìgbì yìí mu. Étánì fa á ju mẹ́tánì lọ. Ìtúpalẹ̀ tó lo nọ́ńbà wọ̀nyẹn, pẹ̀lú náítrójìn tó máa ń yọ́ wọ inú mẹ́tánì tútù láti inú afẹ́fẹ́, fún Ligeia ní nǹkan bíi ìdá 71 mẹ́tánì, ìdá 12 étánì àti ìdá 17 náítrójìn nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí wọ́n fojú sọ́nà fún dojú rú. Mẹ́tánì ló ni òkun náà.

Àbùkù tó kù nínú ọ̀nà yìí kò yẹ kó pamọ́. Ó dúró lórí pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun jọra káàkiri. Bí ẹrẹ̀ tó rọ̀ bá tẹ́ sí ibi jíjìn, tí yìnyín líle sì wà lẹ́bàá èbúté, ẹrẹ̀ yóò dá ìgbì tó kéré padà, ẹni tó ń ṣírò yóò sì rò pé olómi ló fà á mu. Ìfàmu yóò wá dà bí ẹni pé ó pọ̀ ju bó ṣe rí lọ. Ibi tí àṣìṣe yẹn kọjú sí ni ti étánì, kì í ṣe ti mẹ́tánì. Nítorí náà, kò lè jẹ́ òun ló sọ Ligeia di òkun mẹ́tánì. Ìwọ̀n ooru tí rédà ti ń kó jọ lórí Ligeia láti ọdún 2007 sí 2015, nígbà tó bá dákẹ́ tó ń tẹ́tí, tún wá láti ọ̀nà mìíràn gbe ọ̀rọ̀ náà: mẹ́tánì ló pọ̀ jù.

Àwọn ohun mìíràn tí ìlà kan náà fi hàn

Ìlà T91 tún kọjá lórí àwọn ẹ̀ka odò Vid Flumina, tó gùn ju 400 kìlómítà lọ, tó sì ń ṣàn wọ Ligeia. Àwọn àfonífojì rẹ̀ kò fẹ̀ tó kìlómítà kan, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ rédà bo ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ kìlómítà. Ó yẹ kí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ohun tó gbà wọ́n ni ohun kan náà tó gé orí ìgbì ní Ontario: nǹkan olómi tó tẹ́jú wà nísàlẹ̀ wọn, ó sì ń kọ mànà bíi dígí. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé àwọn àfonífojì náà jìn tó mítà 240 sí 570, pé ẹ̀gbẹ́ wọn dà ju dígírì 40 lọ, àti pé ojú olómi inú ẹ̀ka tó tóbi jù bá ojú òkun dọ́gba.

Ọjọ́ 48 lẹ́yìn T91, ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, ìkọjá T92 ya àwòrán Ligeia, ohun kan tó mọ́lẹ̀ sì wà níbi tí kò sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Ó tún hàn pẹ̀lú ìrísí mìíràn ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015, kò sí níbẹ̀ mọ́. Lára ohun tí wọ́n rò pé ó lè jẹ́ ni ìgbì ojú òkun, èéfọ́ náítrójìn tó ń hó láti ìsàlẹ̀, àti nǹkan líle tó léfòó. Ọ̀rọ̀ náítrójìn yìí kò ṣàdédé wá: ìdá 17 tó wà nínú Ligeia lè yà kúrò lára olómi bí ooru tàbí àdàpọ̀ rẹ̀ bá yí padà.

Ibi tí ọ̀nà náà dé, àti ibi tó mọ

Lẹ́yìn Ligeia, wọ́n padà sí àkọsílẹ̀ T49. Pẹ̀lú ọ̀nà tí wọ́n ti mọ̀ báyìí láti bá ìgbì tó gé lò, wọ́n rí ìsàlẹ̀ Ontario Lacus nínú ohun tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ láti ọdún 2008. Àdàpọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ligeia: nǹkan bíi ìdá 51 mẹ́tánì, ìdá 38 étánì àti ìdá 11 náítrójìn.

Kraken Mare, tó tóbi jù, ló kọ̀ jálẹ̀. Ní T104, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 2014, rédà kọjá lórí rẹ̀ ní ìlànà kan náà. Ní Moray Sinus, ìyawọ́ rẹ̀ kan ní àríwá, ìsàlẹ̀ yọ ní nǹkan bíi mítà 85. Lójú agbami, gbohùngbohùn kejì kò wá rárá. Ìṣirò Ligeia jẹ́ kí ìdí rẹ̀ yé wa. Ìfàmu tó jẹ́ ìlọ́po méjì ti Ligeia yóò sọ 23 dB di 46 ní mítà 160, ìyẹn ẹyọ kan nínú nǹkan bíi 40,000, kò sì sí bí ẹ̀rọ yóò ṣe gbọ́ ọ. Jíjìn tó jẹ́ ìlọ́po méjì, pẹ̀lú olómi kan náà, yóò ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ìlà tó ń dà sísàlẹ̀ ni wọ́n nílò, kò sì sí ìlà níbi tí gbohùngbohùn kò sí. Àdàpọ̀ olómi tí wọ́n rí ní Moray Sinus jọ ti Ligeia, nítorí náà ó ṣeé ṣe jù pé jíjìn ló fà á, pé agbami Kraken ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ dáadáa.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 2017, ní T126, Cassini lo ọ̀nà yìí kẹ́yìn. Àwọn adágún kéékèèké àríwá ni wọ́n wọ̀n lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà lórí ilẹ̀ gíga jìnnà sí òkun. Àwọn kan nínú wọn jìn ju mítà 100 lọ, mẹ́tánì ló sì kún wọn. Òòfà Titan ní ìkọjá yẹn ló yí ọ̀nà ọkọ̀ náà padà sí àárín Sátúrnù àti àwọn òrùka rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ó wọ inú afẹ́fẹ́ Sátúrnù, ó sì jó tán, pẹ̀lú áńtẹ́nà rẹ̀ tó kọjú sí ayé.